Bí A Ṣe Ń Ṣètò Kámẹ́rà Sílẹ̀ Kí Àwòrán Òjijì Má Bàa Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ya fọ́tò ní Àkúrẹ́ ló mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ gbé wọn sí gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n fi to iná wọn, wọn yóò ya ìyàwó débi pé ìyá rẹ̀ yóò gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwọn kan náà lọ sí Ọjà Ọba lọ́sàn-án, kí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀ níwájú wọn, àwòrán yóò jáde ní funfun báláú, tàbí kó ṣókùnkùn, tàbí kí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ yà rí bàìbàì nígbà tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ kedere. Ohun tó ń fà á ni pé ètò iṣẹ́ àná ló ṣì wà lára kámẹ́rà wọn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ó sì dùn mí títí di òní. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, oòrùn sì ti yọ padà. Ìyá aláta kan ti fi ọ̀pá ti tapólì orí ìsọ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, omi tó kún inú rẹ̀ sì dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ funfun tí wọ́n ta sórí okùn. Ọmọdébìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù sáré gba abẹ́ omi náà kọjá, ó la ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, sálúbàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti lo kámẹ́rà náà níbi òde alẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ISO rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ tó, ṣì wà lórí 6400, ìyára ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tó fi ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀, sì wà lórí 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá. Àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta funfun láti etí kan dé èkejì. Kò sí ọmọ, kò sí omi, kò sí ọjà nínú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé alẹ́ àná la ti ń ya àwòrán òjijì. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ní ipò kan tí a ó máa dá a padà sí lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Ipò ìmúrasílẹ̀ ni mo ń pè é. Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ àti bí a ṣe ń ṣọ́ ọ ni mo fẹ́ tò sísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Kámẹ́rà tó ní ipò M, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa yan ètò, lórí kọ́kọ́ yíyípo rẹ̀ ni ẹ nílò, lẹ́ńsì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fà jù. Lẹ́ńsì 18-55, èyí tó ń fà láti mílímítà 18 dé 55, tó sì máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra olówó gọbọi. Ẹ wá bátìrì méjì, káàdì tí àyè wà nínú rẹ̀, okùn ìwọ̀n tí àwọn aránṣọ ń lò, sẹ̀lótéèpù fẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ ìnulẹ́ńsì, àti wákàtí kan lójú ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín síṣẹ́. Wákàtí yìí ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ yọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ kò sí bí a ṣe lè ṣe ìyókù láìsí i.

Ìpele 1: Ẹ pa ètò àtijọ́ rẹ́

Ẹ wọ inú mẹ́nù kámẹ́rà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń dá gbogbo ètò padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá wà nínú káàdì kò ní parẹ́ nípa èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ yí irú fáìlì sí RAW, èyí tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, àti JPEG, fáìlì fọ́tò tí a mọ̀, pọ̀, ẹ fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ (white balance) sí àdáṣe, ìyẹn Auto, kí ẹ sì tan àmì tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí iná bá ti pọ̀ jù nínú àwòrán.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé ènìyàn yóò rò pé òun rántí gbogbo ohun tí òun ti yí padà láti ọdún tó kọjá. Ẹnikẹ́ni kì í rántí tán. Kámẹ́rà kan tí wọ́n gbé wá bá mi rí, ó ju oṣù mẹ́fà lọ tí olówó rẹ̀ fi ń ráhùn pé àwòrán rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Àtúnṣe ìmọ́lẹ̀, ètò +/- tó ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i tàbí ṣókùnkùn sí i, ló ti yí sí ìyọkúrò 2 (-2), tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ya ògiri ilé yín lójú ọ̀sán lórí ipò P, níbi tí kámẹ́rà ti ń yan ètò fúnra rẹ̀. Bí àwọ̀ ògiri náà lójú kámẹ́rà bá jọ bí ojú yín ṣe rí i, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìpele 2: Ìyára ṣọ́tà, ojú lẹ́ńsì àti ISO

Ibí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Ẹ yí kọ́kọ́ orí kámẹ́rà sí M. Ẹ fi ìyára ṣọ́tà sí 1/500, ẹ fi ojú lẹ́ńsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí f/8, kí ẹ sì fi ISO sí àdáṣe, èyí tí kámẹ́rà ń pè ní Auto, kí òkè rẹ̀ má kọjá 6400.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi yan nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí yóò mọ ìgbà tó yẹ kó yí wọn. 1/500 ló ń mú ẹni tó ń rìn kíá dúró ṣinṣin nínú àwòrán. Bí a bá fi 1/125 ya obìnrin tó ru ẹrù tó ń kọjá níwájú wa, ojú rẹ̀ lè mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń jù àti ẹsẹ̀ tó ń gbé yóò rí bàìbàì. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé tó ń sáré tàbí ọ̀kadà tó ń gba iwájú wa kọjá, ẹ gbé e lọ sí 1/1000. Ní ti f/8, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ibi tó mọ́ nínú àwòrán gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó lè jẹ́ pé bí fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí lẹ́ńsì mú kó mọ́ jù, bá tilẹ̀ ṣìnà díẹ̀, ẹni tí a ń yà kò ní bọ́ sínú ibi tó rí bàìbàì.

ISO nìkan ni a fi sílẹ̀ kó máa sáré kiri, nítorí ìmọ́lẹ̀ Àkúrẹ́ kì í dúró lójú kan. Ẹ wo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀nà Ọba Adésídà tó sì yà wọ inú ọjà Erékèsán. Lójú títì, nínú oòrùn gangan, 1/500 àti f/8 yóò fẹ́ ISO bíi 125. Bó bá dúró lábẹ́ ìbòji fàràndà ṣọ́ọ̀bù, kámẹ́rà yóò gbé e lọ sí nǹkan bíi 1000. Bó bá wọ àárín ìsọ̀ tí tapólì bò lórí, tí aṣọ àti páálí dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lè fò dé 4000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣísẹ̀ bíi ogún ló pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níyà. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ yí ISO ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú yín kò ní kúrò lára bọ́tìnnì, ẹ kò sì ní rí ọjà rárá.

Àwọn kan yóò sọ pé àwòrán ISO 4000 máa ń rí bí ẹni da yanrìn sí i. Lóòótọ́ ni, pàápàá lórí kámẹ́rà tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n a lè fọ yanrìn náà kúrò díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó jẹ́ pé a kò lè rí ojú tó ti fà gbọọrọ nínú àwòrán mú padà. Èmi yóò mú yanrìn nígbàkúùgbà.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta wà níbí. Èkíní, bí oòrùn bá mú gan-an, tí ìsàlẹ̀ ISO kámẹ́rà yín sì jẹ́ 200, 1/500 kò ní tó láti lé iná náà. Lésì funfun àti páànù orí ilé yóò máa ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà. Ẹ gbé ìyára lọ sí 1/1000, kí ẹ fi f/8 sílẹ̀ bó ṣe wà. Èkejì, àwọn kámẹ́rà kan kì í gba àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ bí a bá lo M pẹ̀lú ISO àdáṣe. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì ń dà yín láàmú, ẹ lo ipò A, tí Canon ń pè ní Av, níbi tí a ti ń yan ojú lẹ́ńsì tí kámẹ́rà sì ń yan ìyára, ẹ fi f/8 síbẹ̀, kí ẹ sì wọ inú ètò ISO àdáṣe lọ wò ó bóyá ó gbà kí ẹ sọ fún un pé ìyára kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 1/500 lọ.

Ẹ̀kẹta ló máa ń ṣe àwa tí à ń ya aláwọ̀ dúdú jù. Bí kámẹ́rà bá ń wọn ìmọ́lẹ̀, kì í sábà mọ ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo ohun tó rí wà ní ìdajì láàárín dúdú àti funfun ni. Nítorí náà, bí bàbá kan tó wọ agbádá funfun bá kún ojú àwòrán, kámẹ́rà yóò rò pé iná ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú bàbá náà yóò sì ṣókùnkùn. Bí ìyá kan bá sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣókùnkùn, tí ojú rẹ̀ kún inú àwòrán, yóò mú kí awọ ara rẹ̀ pọ́n ju bó ṣe rí lọ. Ní ọ̀sán gangan, tí gèlè tàbí fìlà bá ṣíji bo ojú, ọ̀ràn náà tún le sí i. Fún àwòrán tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, a lè fi àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ yanjú rẹ̀. Fún àwòrán òjijì, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ fi àtúnṣe náà sí òdo kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án, nítorí RAW tí a yàn ní ìpele kìíní yóò jẹ́ kí ẹ lè mú ojú náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà. Àtúnṣe tí a gbàgbé sórí kámẹ́rà ti ba àwòrán jẹ́ ju èyí tí a kò ṣe lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé yín. Ẹ ya àárín títì, ẹ ya abẹ́ ìbòji, ẹ yíjú ya inú pálọ̀, láìfọwọ́ kan ohunkóhun ju bọ́tìnnì ìyàwòrán lọ. Bí a bá rí ohun tó wà nínú àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ISO sì yàtọ̀ síra lára wọn, ìpele yìí ti yọrí.

Ìpele 3: Fókọ́ọ̀sì

Ọ̀nà méjì ló wà, ó sì yẹ kí ẹ mọ méjèèjì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni fókọ́ọ̀sì àdáṣe tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn. AF-C ni Nikon àti Sony ń pè é, AI Servo tàbí Servo AF ni Canon ń pè é. Bí kámẹ́rà yín bá mọ ojú ènìyàn wá fúnra rẹ̀, ẹ tan ìyẹn náà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lo ojú àmì fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní àárín, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan fún yín nínú gbogbo ojú àmì tó ní. Nínú ọjà, ohun tó bá sún mọ́ ọn jù ló sábà máa ń yàn, ó sì lè jẹ́ ọ̀pá ìsọ̀ tàbí èjìká ẹni tó dúró síwájú yín.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù fún ibi tí èrò pọ̀ sí, nítorí pé kámẹ́rà kò ní láti wá ohunkóhun rárá. Ẹ yí lẹ́ńsì 18-55 sí 18 pátápátá, kí ojú rẹ̀ wà lórí f/8. Ẹ fi okùn ìwọ̀n aránṣọ wọn mítà 2 láti ibi tí ẹ dúró sí. Bí okùn kò bá sí nítòsí, ọ̀pá aṣọ méjì pẹ̀lú nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lé díẹ̀ ni. Ẹ gbé bàtà tàbí àga sí ibi tó parí sí, ẹ fi fókọ́ọ̀sì àdáṣe mú un, kí ẹ wá yí lẹ́ńsì sí MF, kí fókọ́ọ̀sì má bàa yí fúnra rẹ̀ mọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú inú rẹ̀ tó ń gba àwòrán, kéré (APS-C), irú èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ohun gbogbo tó wà láti bíi mítà kan títí dé ibi tí ojú ríran dé yóò mọ́ tó láti tẹ̀ sórí ìwé. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi (full frame) ni, ẹ lo lẹ́ńsì 28, kí ẹ mú fókọ́ọ̀sì ní mítà 3.3. Ibi tó mọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 1.7.

Ẹ fi sẹ̀lótéèpù fẹ́ẹ́rẹ́ kan di òrùka fókọ́ọ̀sì mú kó má yí nínú báàgì. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o: àwọn lẹ́ńsì ìgbàlódé kan wà tó jẹ́ pé mọ́tò inú wọn ló ń gbé fókọ́ọ̀sì, tí òrùka náà kàn ń ránṣẹ́ sí mọ́tò ni. Bí kámẹ́rà bá kú tàbí tó bá sùn, irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé ibi tí a fi í sí, sẹ̀lótéèpù kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa lo ọ̀nà àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ máa tún mítà 2 mú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kámẹ́rà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọwọ́ yóò fa lẹ́ńsì láti 18 sí 55 kó lè sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní kété tí ẹ bá fà á, ìṣirò mítà 2 ti bàjẹ́, ibi tó mọ́ yóò sì dín kù gidigidi. Ẹ fi ẹsẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá tilẹ̀ lo 18 fún oṣù kan láìfà á yóò rí i pé ojú òun ti mọ bí àwòrán yóò ṣe rí kí òun tó gbé kámẹ́rà sókè.

Àyẹ̀wò: ẹ to àga mẹ́ta, ọ̀kan ní mítà kan, èkejì ní mítà 2, ẹ̀kẹta ní mítà 5, kí ẹ sì fi ìwé ìròyìn lé ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yà wọ́n, ẹ mú àwòrán náà tóbi lójú kámẹ́rà. Bí àkọlé gàdàgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe é kà, ó ti bọ́ sí i. Bí ti mítà kan nìkan bá rí bàìbàì, ẹ tún fókọ́ọ̀sì mú ní ibi tó sún mọ́ yín díẹ̀ sí i.

Ìpele 4: Ipò kejì, fún alẹ́ àti inú gbọ̀ngàn

1/500 kò wúlò lábẹ́ gílóòbù. Ẹ ṣe ipò kejì sílẹ̀: 1/100, ojú lẹ́ńsì kó ṣí dé ibi tó lè ṣí dé, ISO àdáṣe pẹ̀lú 6400 tàbí 12800 gẹ́gẹ́ bí òkè rẹ̀, àti fókọ́ọ̀sì àdáṣe tó ń tẹ̀lé ènìyàn. Ọ̀nà mítà 2 kò ṣeé lò níbí nítorí ojú lẹ́ńsì tó ṣí gbayawu.

Ìdí tí mo fi yan 1/100 ni pé iná mànàmáná Nàìjíríà ń lọ ní 50 hertz, ìyẹn ìyípo 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára rẹ̀ sì ń ga lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, àwọn gílóòbù LED àti ọ̀pá iná olójú funfun kan sì máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Bí a bá fi 1/500 yà wọ́n, ilà dúdú yóò gba inú àwòrán kọjá bí ìnà ẹgba. 1/100 àti 1/50 bá bí iná náà ṣe ń ṣẹ́jú mu. Ṣùgbọ́n níbi òde tí wọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀, pàápàá èyí tí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀, iná kì í dúró ní 50, nítorí náà ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìdán an wò níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ya ògiri funfun gbọ̀ngàn ní ìgbà márùn-ún léraléra. Bí ilà kò bá sí, tí ìmọ́lẹ̀ márààrún sì dọ́gba, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ìrẹsì yín.

Ìpele 5: Ẹ fi ipò méjèèjì pamọ́ sínú kámẹ́rà

Bí kọ́kọ́ orí kámẹ́rà yín bá ní C1 àti C2, bíi ti ọ̀pọ̀ Canon olówó àárín, tàbí U1 àti U2 bíi ti àwọn Nikon kan, ibẹ̀ ni a ń fi ètò pamọ́ sí. Inú mẹ́nù ni a ti ń fún un ní àṣẹ pé kó tọ́jú ohun tó wà lójú rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ fi ti ọ̀sán sí àkọ́kọ́, ti alẹ́ sí èkejì, kí ẹ má sì ṣe pààrọ̀ wọn láéláé, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n láìwojú.

Ẹ kíyèsí i pé Canon ní ètò kan nínú mẹ́nù yìí tó máa ń tún ohun tí a fi pamọ́ kọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá wà ní títàn, ohunkóhun tí ẹ bá yí lójú iṣẹ́ yóò di ara C1. Ẹ pa á. Ìwúlò C1 ni pé kó máa padà sí bó ṣe wà.

Bí kámẹ́rà yín kò bá ní àyè ìpamọ́, ẹ má kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sórí bébà kékeré, 1/500, f/8, ISO àdáṣe, mítà 2, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí báàgì, níbi tí ojú yóò ti kọ́kọ́ bá a pàdé.

Àyẹ̀wò: ẹ ba ètò náà jẹ́ pátápátá, ẹ pa kámẹ́rà, ẹ yí kọ́kọ́ sí ibòmíràn kí ẹ sì dá a padà, ẹ tan án. 1/500 àti f/8 gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀.

Ìpele 6: Ara kámẹ́rà fúnra rẹ̀

Ẹ yọ ìdérí lẹ́ńsì sílé, kí ẹ fi ìbòrí oòrùn rọ́pò rẹ̀. Ẹ fa àkókò tí kámẹ́rà fi ń sùn gùn díẹ̀. Ìka tí ẹ bá tẹ̀ dé ààbọ̀ lórí bọ́tìnnì ni yóò jí i. Ẹ fọ́mátì káàdì, ìyẹn pípa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, nínú kámẹ́rà lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó àwòrán inú rẹ̀ pamọ́, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ káàdì náà dáadáa, nítorí pé bọ́tìnnì kékeré kan tó ń ti káàdì pa wà níbẹ̀ tó máa ń yẹ̀ sísàlẹ̀ tí kámẹ́rà kò sì ní lè kọ ohunkóhun sínú rẹ̀ mọ́.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rò ni ìrì ojú lẹ́ńsì. Ẹni tó bá jókòó nínú mọ́tò tó ń fẹ́ tútù láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, tó ṣílẹ̀kùn ní ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn òjò, tó yọ kámẹ́rà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kùrukùru yóò bo lẹ́ńsì rẹ̀ láti iwájú. Bó ti wù kó nù ún tó, yóò tún padà wá títí ara kámẹ́rà yóò fi gbóná dọ́gba pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ìta. Ẹ pa fáànù tútù náà kí ẹ tó dé, tàbí kí ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú báàgì títì fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Ẹ máa gùn ún lọ kí báàgì máa gbóná lẹ́yìn yín. Nígbà ọyẹ́, erukuru ni ọ̀tá: ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì níta.

Ìpele 7: Ẹ fi kọ́ ọwọ́

Ètò tó pé kò wúlò fún ọwọ́ tó ń wá bọ́tìnnì. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí kò ti ní ewu, kámẹ́rà wà nínú báàgì. Ẹ sọ fún ara yín pé kẹ̀kẹ́ tó bá ń bọ̀ ni ẹ ó yà, ẹ gbé kámẹ́rà, ẹ tan án bó ti ń gòkè, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó tó kọjá. Ẹ ṣe é ní ìgbà ogún. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ẹ ó máa bá nínú àwòrán. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ojú awakọ̀ ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí à ń yà, nítorí pé kíákíá kò gbà wá lọ́wọ́ ìwà. Bí ẹ bá ti ya ìyá kan lójijì, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sọ pé: “Ẹ kú ọjà o, mà. Mo ya fọ́tò yín nígbà tí ẹ ń da omi yẹn nù, ó dára púpọ̀, ẹ wò ó. Ṣé kí n fi sílẹ̀ àbí kí n pa á rẹ́?” Bó bá ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún àwọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní àsìkò ọdún ìbílẹ̀, ì báà jẹ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ẹ bi àgbà àdúgbò léèrè ohun tí kò ṣeé yà kí kámẹ́rà tó jáde nínú báàgì rárá.

Àyẹ̀wò: nínú ogún àwòrán kẹ̀kẹ́, bí méjìlá bá mú awakọ̀ kedere, ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n.

Ìpele 8: Ìdápadà

Gbogbo ohun tí a ti ṣe láti òkè yóò dà nù lọ́jọ́ tí ẹ bá ti òde alẹ́ dé, tí oorun ń kùn yín, tí ẹ sì ju báàgì sí igun yàrá. Ẹ má ṣe é lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí òwúrọ̀ ní ìdààmú tirẹ̀. Kí bàtà tó kúrò lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ ṣe é: ẹ yọ káàdì, ẹ kó àwòrán pamọ́, ẹ fi bátìrì tó kún rọ́pò èyí tó ti rẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́ padà sí ti ọ̀sán, ẹ nu lẹ́ńsì. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ mi lẹ́yìn kíkó àwòrán.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: ẹ tan kámẹ́rà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e sójú, ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí ìhà fèrèsé. Àwòrán náà lè ṣókùnkùn nítorí ilẹ̀ ti ṣú, kò burú. Ohun tí ẹ ń wò ni nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀: 1/500, f/8, ISO tó ti gòkè fúnra rẹ̀, àti àmì bátìrì tó kún. Bí wọ́n bá pé, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ ti báàgì.